Ọbẹ̀ Ọjọ́bọ̀

Iṣẹ́ igi ni mo fẹ́ yàn lọ́dún yẹn.
Ogún ọmọ ni kíláàsì náà gbà,
èmi ni mo ṣe ẹni kọkànlélógún.
Ni olùkọ́ Hillevi bá fi gègé fa orúkọ mi
lọ sábẹ́ àkọlé tí ẹnikẹ́ni kò tò sí:
Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ń Ran Akẹ́kọ̀ọ́ Lọ́wọ́.
Ẹ̀kọ́ àṣàyàn ni, wákàtí méjì lọ́sẹ̀, máàkì wà níbẹ̀.

Kemijärvi, ìparí oṣù kọkànlá. Oòrùn ń ṣe bí onígbèsè,
ó yọjú díẹ̀ lẹ́yìn igi páìnì, ó sá padà.
Wọ́n ń kọ́ wa bí a ṣe ń ṣáájú ènìyàn.
Wọ́n fi aṣọ di àwọn mẹ́fà lójú,
wọ́n ní kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì gígùn kan
gba orí adágún tó ti dì gbagidi.
Èmi ni wọ́n fi ṣe ẹnu.
Mo dojú kọ wọ́n, mo ń pariwo: "Ọ̀tún! Ọ̀tún!"
Ọ̀tún tèmi ni mò ń wí.
Bẹ́ǹṣì wọ inú òkìtì òjò dídì lọ,
Urho jókòó sórí rẹ̀, ẹ̀rín pa á kú.
Hillevi ò bínú. Ó kàn bi mí pé:
"Ọ̀tún ta ni?"

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi Tuukka lé mi lọ́wọ́,
ọmọ abúlé kan lọ́hùn-ún, ìrìn wákàtí kan àti ààbọ̀ nínú bọ́ọ̀sì.
Ọmọ mẹ́sàn-án ló kù nílé-ìwé wọn kí ìjọba tó tì í pa.
Òun náà ti ẹnu tirẹ̀ pa.

Mo gba ìwé kékeré kan, kí n máa kọ ohun tí mo ṣe.
Ọ̀sẹ̀ kìíní: Mo bi í ní ìbéèrè mẹ́rìnlá.
Ọ̀sẹ̀ kejì: Mo sọ ìtàn ajá wa. Ajá wa ti kú. Kò yẹ kí n sọ ọ́.
Ọ̀sẹ̀ kẹta: Mo sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́. Òkùnkùn ni.
Ọ̀sẹ̀ kẹrin: A jẹ ọbẹ̀.
Ọ̀sẹ̀ karùn-ún: A jẹ ọbẹ̀.

Ọbẹ̀ ẹ̀wà aláwọ̀ ewé, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ nínú rẹ̀,
bó ṣe rí ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ láti ayé ìyá ìyá mi,
páńkéèkì á sì tẹ̀ lé e.

Òwe kan ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.
Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ olóoru.
Níbí, olùkọ́ báyọ́lọ́jì ní bí òtútù bá ti dé,
paramọ́lẹ̀ a wá paramọ́lẹ̀ rí,
wọn a ká jọ sínú ihò kan lábẹ́ gbòǹgbò
títí yìnyín á fi yọ́.
Kò sí olórí nínú wọn. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹnìkejì ní nǹkan kan.
Mo gbọ́ ọ,
mo gbé ìbéèrè kẹẹ̀ẹ́dógún mì.

Hillevi ṣí ìwé mi. "Ọbẹ̀, ọbẹ̀, ọbẹ̀," ló kà sókè.
Mo rò pé máàkì mi ti wọgbó.
Ó ní kí n má ṣáà pa Ọjọ́bọ̀ kankan jẹ.

Mo pa ọ̀kan jẹ. Ibà dá mi wó.
Nígbà tí mo padà wọ yàrá ìjẹun,
abọ́ méjì ti wà lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé,
Tuukka sì jókòó sídìí ọ̀kan, kò tíì fọwọ́ kàn án.
Mo jókòó. Ó tọ́ ọ wò. Ó fi síbí sílẹ̀.
"Iyọ̀ pọ̀ jù," ni ó wí.
Ohùn rẹ̀ wúwo ju bí mo ṣe rò ó lọ.
Ọ̀rọ̀ kún mi lẹ́nu bámúbámú.
Mo tọ́ tèmi wò.
"Ó pọ̀," ni mo wí.

Ní oṣù karùn-ún, àwọn oníṣẹ́ igi
gbé ogún àpótí ìjókòó lọ sílé.
Èmi gbé ìwé kékeré,
ó kún fún ọbẹ̀.